Níbo Gan-an Ni Ọ̀rọ̀ Náà Wà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tí a bi léèrè kò bá mọ ọ̀nà júwe, abéèrè yóò ṣìnà dandan.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ lórí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938. Ó fa ọ̀rọ̀ yọ, ó sì kọ nọ́ńbà ojú-ìwé sí i. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ṣí ẹ̀dà tirẹ̀ sí ojú-ìwé náà, kò bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé irọ́ ni. Oorun kò kun ọmọ náà lójú mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀dà àtijọ́ tí ó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ kedere.

Olùkọ́ pa ohun tí ó kọ rẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, má bínú. Ṣùgbọ́n kí ni o kọ tí ìbá fi mú mi débẹ̀?”

“Ojú-ìwé ni, sà.”

“Ojú-ìwé ẹ̀dà wo?”

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀.

Nọ́ńbà ojú-ìwé kì í ṣe ti òǹkọ̀wé, ti atẹ̀wé ni. Bí lẹ́tà bá tóbi sí i, tàbí bí a bá tún àkọtọ́ ṣe, ọ̀rọ̀ lè kúrò ní ojú-ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Orí ìwé, ìran eré àti ìlà ewì kì í sábà ṣí nípò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara iṣẹ́ náà ni wọ́n jẹ́.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé títẹ̀ tó dé. Babaláwo tí ó ń kì Ifá a máa dárúkọ odù tí ẹsẹ náà ti wá, ọ̀kan nínú odù 256. Nígbà tí William Bascom gbé ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde ní ọdún 1969, ìlànà odù náà ni ó tẹ̀ lé: bí ó bá kọ 1-7, 1 dúró fún Ogbè Méjì, 7 sì dúró fún ẹsẹ keje. Bákan náà ni Bíbélì. Robert Estienne, atẹ̀wé ará Faransé, fi nọ́ńbà sí àwọn ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun ní ọdún 1551. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó di Bíbélì àtijọ́ mú àti ẹni tí ó ṣí tirẹ̀ lórí fóònù fi ń pàdé ní Jòhánù 3:16.

Lóde òní, ètò kọ̀ǹpútà ń bá akẹ́kọ̀ọ́ to ìtọ́kasí. Ọ̀kan nínú wọn ni Zotero, tí àwọn ará Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2006. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń to orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún bí ìlànà APA tàbí MLA ṣe fẹ́. Fún ibi pàtó tí ọ̀rọ̀ wà, àpótí kékeré kan wà tí a ń kọ nọ́ńbà sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ti ń yan ohun tí nọ́ńbà náà dúró fún: ojú-ìwé, orí, ìpínrọ̀, ìlà, ẹsẹ tàbí ìdìpọ̀. Ojú-ìwé ni a máa ń bá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ 4 fún orí kẹrin láìyí i padà, ojú-ìwé kẹrin ni ẹ̀rọ yóò kà á sí. Nọ́ńbà nìkan ni kí a kọ. Ẹ̀rọ ni yóò fi àmì tí ó bá ìlànà mu sí i.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò ní ojú-ìwé rárá. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù di òní. Ní apá kan rẹ̀ ni Ògògà jókòó sí. Ní apá kejì ni òyìnbó aṣojú ìjọba ti ń bọ̀, tí àwọn èèyàn gbé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ “ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́” lásán kò tíì fi ọba hàn wá, kò sì tíì fi àlejò rẹ̀ hàn wá. Zotero kò ní orúkọ fún irú ibi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí mìíràn wà tí a lè fi ọ̀rọ̀ ara wa kọ ọ́ sí: apá wo, ìlà kelòó láti òkè.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó kọ ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà bàbá rẹ̀, ó fi ojú-ìwé sí i, ó sì fi àkọlé ìpín tí ọ̀rọ̀ náà wà kún un. Olùkọ́ mú ẹ̀dà tirẹ̀, ó wá ìpín náà, ó sì rí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ máa kọ́ ọmọ ní èyí láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí ó tó di pé a ń fi irọ́ kan ẹni tí kò pa á.