Oòrùn Pupa Lára Agolo Mílíìkì

Mo tún gba Enugu Road kọjá ní Sabon Gari, ní Kánò. Ojú ibi tí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, tó ń kọ lẹ́tà sára lọ́rí, wà nígbà kan ni ojú mi kọ́kọ́ lọ. Ọmọ Ọ̀fà kan ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà. Àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní adaidaita sahu, tò síwájú rẹ̀. Ọ̀kan fẹ́ Arsenal, ọ̀kan fẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì ni Ọ̀gá ń lò ní tiẹ̀. Tó bá ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára lọ́rí, tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, àfi bíi pé kò mí mọ́ títí lẹ́tà kan á fi parí. Láàárọ̀ ó lè kọ Orí Ẹni sára lọ́rí kan, kó kọ Sai Allah sára èkejì, Chukwudi sára ẹ̀kẹta kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́tà S rẹ̀ máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ẹni ń kí àgbà. Mo rí lọ́rí kan ní Jẹ́bà nígbà kan, mo sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọwọ́ Ọ̀gá nìyẹn. Iṣẹ́ ọmọ Ọ̀fà yìí mọ́ tónítóní, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ló lè wò ó ní Jẹ́bà kó ní òun mọ ọwọ́ tó ṣe é?

Ọ̀gá tún ń ṣe sítíkà táńkì ọ̀kadà: Honda, Suzuki, Kawasaki. Tí èyí tó bá a ti Japan wá bá ti bó, ó máa ń fi bíléèdì gé òmíràn, á fi omi ọṣẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwa ọmọdé la ni àgékù.

Mo fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ kan. Àgékù pupa ló wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé kọ́bọ̀ mẹ́wàá lé e, mo gé róbótó méjì, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ apá rẹ̀, mo sì ń sáré kọjá níwájú Bàbá onílé wa. Bàbá wà nínú Dífíṣọ̀n 81 tó bá àwọn ará Japan jà ní àfonífojì Kaladan, ní Burma, ní 1944. Ó dìde lórí àga.

“Ta ló kọ́ ẹ ní àmì yìí?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Àgékù sítíkà ni.”

Ó gbà á, ó fi àtàńpàkò pa róbótó náà lójú. Ó ní tí àwọn bá ti rí àmì yẹn lára ọkọ̀ òfuurufú Japan lókè láàárín ewé, kòtò ni àwọn ń wọ̀. Kò ní kí n yọ ọ́. Ó gbé ọkọ̀ náà lé itan, ó dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Kawasaki tí à ń lẹ̀ mọ́ táńkì ṣe ọkọ̀ òfuurufú fún ogun yẹn. Mitsubishi ló ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun tí wọ́n ń pè ní Zero. Ọdún 1940 tó jáde jẹ́ ọdún 2600 nínú ònkà àwọn ará Japan, òdo tó gbẹ̀yìn ló fún un lórúkọ. Lónìí àwọn àgbàlagbà ń ra oòrùn pupa yẹn lórí ìwé, wọ́n ń rì í sómi, wọ́n sì ń fi ẹ̀mú kékeré yọ́ ọ sára ọkọ̀ òfuurufú oníke tí wọ́n tò fúnra wọn, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo mọ adùn rẹ̀ dáadáa.

Ní January 2013 ni ìjọba Kánò ní kí ọ̀kadà má gbé èrò mọ́. Iṣẹ́ táńkì bá a lọ.

Mo ní kí ọmọ Ọ̀fà bá mi gé róbótó pupa méjì. Ẹ̀rọ kùn, ó tán. Etí wọn ò wọ́ níbì kankan. Tèmi ìjọ́sí wọ́, torí bíléèdì yọ̀ lọ́wọ́ mi.

“Dádì, kí lẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́?”

Mo fi wọ́n sáàárín ìwé kan. Mi ò tíì bó ẹ̀yìn wọn.