Ìbọn ní Ẹnu-Ọ̀nà Ilé Ọlọ́run

Láti ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ ibi ti kọlu ilé ìsìn Kátólíìkì ti Saint Francis Xavier ní ìlú Ọ̀wọ̀, ní Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ni ọ̀rọ̀ ìbọn ti di ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nínú ìpàdé ìjọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ òrùlé tí ń jò, ọ̀rọ̀ owó ìkórè, àti ti ẹgbẹ́ akọrin tí ń bá ara wọn jà nítorí aṣọ ni àwa mọ̀ mọ ìgbìmọ̀ ìjọ. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀wọ̀, ìbọn àti ohun abúgbàmù pa ènìyàn tí ó tó 40 ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àgbà àti ọmọdé, nínú ilé tí wọ́n ti wá gbàdúrà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà ni a ṣe ìsìn ìsìnkú fún púpọ̀ nínú wọn pọ̀. Láti ọjọ́ náà wá, àwa kò tíì dé ìjọ kan láti Ìkẹjà títí dé Agége tí ẹnìkan kò ti dìde béèrè pé, Kí ni àwa yóò fi gba ara wa?

Ní ìjọ tiwa, ìbéèrè náà tún gbóná sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ìròyìn dé pé ní ọjọ́ 18 oṣù náà, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìsìn Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ní Eruku, ní ìpínlẹ̀ Kwara, bí ìsìn ti ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọ igbó lọ. Ọjọ́ 23 ni a tó kéde pé 38 ti gba òmìnira.

Nínú ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn èyí, arákùnrin kan tí ń ta ohun èlò ọkọ̀, ẹni tí Ọlọ́run fi owó jíǹkí tí kò sì háwọ́, dìde, ó ní òun yóò ra ìbọn kan tí wọ́n ń pè ní pump-action fún ọdẹ ìjọ, bí ìjọ bá lè ra èkejì. Púpọ̀ dáhùn pé Àmín. Àwa kò lè bá wọn wí, nítorí ẹni tí ó ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kò lè gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kí ó sùn àsùnwọra. Nígbà náà ni ìyá kan, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀wọ̀, dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò ti lè jókòó ní àárín ilé ìsìn mọ́, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ó ń jókòó sí. Ẹ ra ìbọn náà bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ orúkọ ẹni tí yóò máa mú un lọ́wọ́ fún mi."

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ti dáhùn apá kan ìbéèrè náà. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi ìwé àṣẹ fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 17, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọdẹ tiwa (ní Èkó yìí ni a ti ń pe ẹni tí kò pa ọ̀yà kan rí ní ọdẹ) jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, kì í sì í fi ọtí kan ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò mọ ọkọ̀ alùfáà yàtọ̀ sí ọkọ̀ oníbúrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí òfin yìí, nítorí àwọn tí ń jiyàn lé e lórí pọ̀ ju àwọn tí ó kà á lọ. Ó pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Nínú ti ìkíní ni ìbọn ogun, ìbọn ìléwọ́ àti bọ́ǹbù wà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí àṣẹ Ààrẹ. Nínú ti èkejì ni ìbọn tí òyìnbó fi ń ṣọdẹ wà, tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lè fi ìwé rẹ̀ fún ni. Ti ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àwọn baba wa, tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni bí àwọn tí ó kọ òfin náà ti fi ojú sí ohun kékeré. Wọ́n gba ìbọn ọdẹ láàyè nínú ọ̀wọ́ kejì, ṣùgbọ́n wọ́n yọ gbogbo èyí tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń ti ọta mìíràn wọlé kúrò nínú rẹ̀. Pump-action tí arákùnrin wa fẹ́ rà, tí a ń fi ọwọ́ fa abẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta tuntun lè bọ́ sí ipò, kò sí nínú ọ̀wọ́ náà. Wọ́n sì tún kọ ọ́ pé ẹ̀yà ara ìbọn pàápàá, ìbọn ni lójú òfin.

Àwọn baba wa mọ agbára ohun kékeré yìí. Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ṣakabùlà ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn jagunjagun, títí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó fi bẹ̀rẹ̀ sí fi ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí àwọn Èkìtìparapọ̀. Àwọn Ìbàdàn rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ohun tí ó dojú kọ wọ́n ti yàtọ̀. Kí ẹni tí ń lo ṣakabùlà tó ki ẹ̀tù kan tán, èkejì ti yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. (Kristẹni ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó fi ìbọn náà ránṣẹ́, ohun tí a kì í sábà rántí bí a bá ń ṣe àjọ̀dún àwọn àgbà ìjọ.)

Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni ó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2017. Ọkùnrin kan dúró ní fèrèsé òtítẹ́ẹ̀lì ní Las Vegas, ó yin ọta tí ó ju 1,000 lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí àwọn tí ń gbọ́ orin nísàlẹ̀. Ènìyàn 58 ni a kọ́kọ́ kà. Ó di 60 nígbà tí ọgbẹ́ pa méjì lẹ́yìn ọdún díẹ̀. A rí i pé ó ti fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní bump stock sí ìdí àwọn kan nínú ìbọn rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ kí ìbọn máa mì síwá sẹ́yìn kí ó sì máa yìn léraléra bí ìbọn ogun. Ìjọba wọn fi òfin de ohun náà ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn fagi lé òfin náà. Adájọ́ mẹ́fà ní kò tọ̀nà, mẹ́ta ní ó tọ̀nà. Àwọn mẹ́fà náà ní ohun tí ìka ń fà ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún ọta kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kì í ṣe ìbọn ogun. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìbọn jẹ́, kí ó ka òkú.

Kò sì yẹ kí a máa wo Amẹ́ríkà bí ẹni ń wo ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè mú ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Mile 2, wọ́n sì bá pump-action 661 nínú rẹ̀, tí a fi ilẹ̀kùn irin bò mọ́lẹ̀. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún náà tó parí, iye tí wọ́n gbà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ní Èkó ti di 2,671. Èyí ni iye tí a mú.

Nísinsìnyí àwa yóò sọ ohun tí ó mú wa dìde ní ìpàdé náà. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni àwa í ṣe ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní agbègbè Ìkẹjà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀ṣọ́ kan fi ìbọn ti ara ògiri ní ẹnu-bodè kí ó lè ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ìbọn náà yọ̀, ó ṣubú, ó sì dún. Ọta wọ ẹsẹ̀ awakọ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti fi ìwé ẹrù rẹ̀ hàn. Kò kú, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí di òní. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé kí a mú ìwé ìṣírò wá. Páálí ọta kan, 25, ni a rà fún ẹnu-bodè náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sì búra pé ẹnikẹ́ni kò yin ọ̀kan rí, àfi èyí tí ó bá awakọ̀. A ka èyí tí ó kù lórí tábìlì. Ó jẹ́ 19.

Ọta márùn-ún ti rìn lọ. Ní sítọ́ọ̀ wa, bí agolo gíríìsì kan bá sọnù, ìwé mẹ́ta ni a ó kọ nípa rẹ̀, ẹnìkan yóò sì san án nínú owó oṣù. Ṣùgbọ́n ti ọta márùn-ún yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ wo ara wọn lójú, ọ̀gá wo ilẹ̀, a sì pa ìwé náà dé. Àwa kò dẹ́kun láti máa ronú nípa rẹ̀. Bí a bá gbọ́ ní òwúrọ̀ pé àwọn olè yìnbọn ní òru, a ń bi ara wa pé láti inú páálí ta ni ọta náà ti jáde.

Ẹni tí ó bá ń gbé agbègbè yìí ní ọdún 2002 kò ní sọ pé ti ẹ̀ṣọ́ aláìkọ́ṣẹ́ nìkan ni àìbìkítà yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìíní, iná dé ibi tí a kó bọ́ǹbù àti ọta pamọ́ sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Ní Agége níbi tí a ń gbé, gíláàsì fèrèsé wa fọ́ sórí ibùsùn. Ènìyàn rọ́ sí ojú títì, ìyá pàdánù ọmọ, òkùnkùn ṣú, ọ̀pọ̀ sì sáré wọ inú odò tí a gbẹ́ ní Òkè-Àfà láìmọ̀ pé omi ni. Àwọn tí ó kú ju 1,000 lọ, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Kò sí ọ̀tá kankan ní ọjọ́ náà. Ohun ìjà wa ni, ní àárín ìlú wa, lọ́wọ́ àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ń sọ pé kí a fi ọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, inú wa dùn. Lẹ́yìn ti Ọ̀wọ̀, Gómìnà Rotimi Akérédolú, ẹni tí í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, bínú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 pé òun rí àwọn ẹ̀ṣọ́ Katsina tí a ń kọ́ ní AK-47, nígbà tí a kò gbà fún Àmọ̀tẹ́kùn. Ìjọba àpapọ̀ dáhùn pé àwọn kò fún ìpínlẹ̀ kankan ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Gómìnà náà kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ọ̀rọ̀ náà kò sì parí. Lójú tiwa, ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹni tí a rán sínú igbó láti pàdé AK-47 kò yẹ kí ó gbé ṣakabùlà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí ó ní ọ̀gá, tí ó ní aṣọ, tí a lè pè kí ó wá ka ọta rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yàtọ̀ sí ohun tí ìjọba Zamfara kéde ní oṣù kẹfà ọdún 2022 kan náà, pé kí àwọn ará ìlú lọ wá ìbọn fúnra wọn, tí wọ́n sì ní a ó pín ìwé ìbéèrè 500 fún ìlú ọba kọ̀ọ̀kan nínú 19.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, a mú ọkùnrin márùn-ún wá síwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá nítorí ìpànìyàn Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Ilé-ẹjọ́ ni yóò sọ bí ó ti rí. Ohun tí àwa fẹ́ gbọ́ ni ibi tí ìbọn àti ọta náà ti wá, àti ọwọ́ ẹni tí ó gbé wọn kọjá.

Arákùnrin wa olóhun èlò ọkọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ó rán wa létí ìjọ kan ní White Settlement, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ẹnìkan ti dìde ní àárín ìsìn ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2019, tí ó yìnbọn pa méjì, tí ọmọ ìjọ kan sì yìnbọn pa á láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Òtítọ́ ni, a kò sì lè sẹ́ ẹ. A kàn fi kún un pé olùkọ́ni ní ìbọn yíyìn ni ọmọ ìjọ náà. Ó dáhùn pé, "Ẹ wá ẹnìkan kí a kọ́ ọ." Ìjọ dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó na ọwọ́.

Nígbà tí a dìbò, 23 ní kí a má ra ìbọn, 14 ní kí a rà á. A pinnu pé kí àwọn ọ̀dọ́ méjì-méjì máa dúró ní ẹnu-bodè ní gbogbo ìsìn pẹ̀lú fèrè, kí nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá wà lọ́wọ́ àwọn wọ́dìn, kí a sì ya ilẹ̀kùn méjì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí wọ́n máa ṣí síta, nítorí ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé ìsìn wa ní láti ọdún tí a kọ́ ọ. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí tí ó wà ní òpópónà kejì gbọ́, wọ́n ní bí fèrè bá dún, àwọn náà yóò jáde. Arákùnrin wa bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ó fi owó ìbọn tí ó ti ṣèlérí san ti ilẹ̀kùn kìíní, ó sì wí fún alùfáà pé ọkàn òun kò tíì balẹ̀ síbẹ̀. Ọkàn tiwa náà kò balẹ̀. Ilẹ̀kùn èkejì ń dúró de owó ìkórè.