Ẹ Wo Ẹnu Ẹja Kí Ẹ Tó Rà Á

Peckham, London

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ìdó, Èkó,

Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Inú rẹ̀ dùn, ọkàn rẹ̀ sì tún dàrú. Inú rẹ̀ dùn nítorí pé ọmọ ọdún 11 tó fi owó ọdún tí wọ́n fún un ra àpótí ẹja, ọmọ tó lójú inú ni. Ohun tó wà nínú àpótí náà ló da ọkàn rẹ̀ rú: ẹja wúrà 2, ọmọ àrọ̀ 2, ọmọ ẹpìyà kan tí wọ́n fi àwọ̀n mú létí ọ̀sà, àti ẹja gọ́tà bíi 10. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ tán, ọmọ náà ti fi ohùn ránṣẹ́. Ẹja gọ́tà ti ku 4, ìrù ẹja wúrà kan sì ti ya. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń jí ẹja òun.

Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àrọ̀ ló jẹun alẹ́.

Kí ọmọ náà wo orí àrọ̀ dáadáa. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, irùngbọ̀n 8 ló sì yí i ká. Irùngbọ̀n yẹn ló fi ń tọ́ nǹkan wò nínú òkùnkùn, ìyẹn ni kò ṣe nílò iná kó tó rí oúnjẹ. Ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu rẹ̀ wọlé, oúnjẹ ni. Gbogbo ẹni tó ń sin àrọ̀ ní Èkó ló mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣa àwọn tó yára dàgbà kúrò láàárín àwọn tó kéré, torí àrọ̀ kì í wo ojú ọmọ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá sì bọ́ ọ dáadáa, èyí tó gùn bí ìka lónìí lè tẹ̀wọ̀n kìlógíráàmù kan ní nǹkan bí oṣù 6. Àpótí tí wọ́n gbé sórí tábìlì pálọ̀ kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Kí ẹ kó méjèèjì fún aládùúgbò tó bá ní odò àrọ̀.

Ẹnu yìí gan-an lọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ bá yín sọ. Àwọ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń wò kó tó ra ẹja: èyí pupa, èyí dúdú, èyí ní ìrù gígùn. Ẹnu ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó wo ẹja náà láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹnu bá kọjú sókè, ojú omi ni ẹja yẹn ti ń jẹun. Bí ó bá wà níwájú gan-an, àárín omi ni tirẹ̀. Bí ó bá sì fara pamọ́ sábẹ́ orí, ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣa oúnjẹ jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó wo bí ẹnu náà ti tóbi tó, kí ó sì fi wé ara ẹja tó kéré jù nínú àpótí. Ẹja tó bá lè gbé ẹlòmíì mì yóò gbé e mì lọ́jọ́ kan, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti jọ gbé pọ̀ fún oṣù kan láìsí ìjà.

Ọ̀rọ̀ ẹpìyà náà rí bẹ́ẹ̀. Omi ọ̀sà Èkó máa ń ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò á sì wá bù ú là. Ẹpìyà tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, èyí tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ máa ń dúdú, ti mọ́ra fún omi méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹja wúrà kò lè bá a gbé nínú iyọ̀. Ẹnu rẹ̀ tún níṣẹ́ mìíràn. Bí abo bá ti yé ẹyin tán, bàbá ni yóò kó wọn sẹ́nu, tí yóò máa gbé wọn kiri fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 títí wọn yóò fi di ọmọ tó lè dá wẹ̀. Ẹja tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni à ń bọ̀wọ̀ fún, àmọ́ yóò tóbi, yóò sì máa lé ẹlòmíì. Kí òun náà bá àrọ̀ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà dà á padà sínú ọ̀sà lẹ́yìn tó ti bá ẹja ọjà gbé. Àrùn tó bá kó níbẹ̀ lè ti ara rẹ̀ ran àwọn tó wà nínú ọ̀sà.

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn, ẹja gọ́tà ni ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ràn jù. Èyí tí àwọn ọmọ Ebute Metta, Mushin àti Surulere máa ń fi agolo mílíìkì bù lẹ́yìn òjò ni, tí ìyá wọn á sì ní kí wọ́n dà á nù. Guppy lorúkọ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Trinidad, Venezuela àti àyíká ibẹ̀ ni orírun rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Robert John Lechmere Guppy tó gbé Trinidad ló fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí British Museum, orúkọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹja náà láti 1866. Torí pé ó ń jẹ tanwíjí, wọ́n gbé e káàkiri ayé láti fi gbógun ti ẹ̀fọn. Inú gọ́tà Èkó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ débi pé àwọn onímọ̀ ẹja ní Èkó ti kó o láti ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń jẹ. Ẹja tó bá lè gbé nínú gọ́tà wa, tó ń bímọ níbẹ̀, omi wo ni yóò tún máa bà á lẹ́rù?

Àkọ́bẹ̀rẹ̀ tó yẹ ọmọ náà nìyẹn. Ẹnu guppy kọjú sókè, oúnjẹ tó bá léfòó ni kí ó máa fún un. Akọ ló ní àwọ̀, abo tóbi jù ú lọ, kò sì ní ọ̀ṣọ́ lára. Abo kan ṣoṣo lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ó máa bímọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí ara wọn láìrí akọ mọ́. Ìdí nìyí tí kò fi gbọ́dọ̀ fi ju 6 lọ bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi èyí tó bá bù ní gọ́tà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3, kó lè mọ̀ bóyá àrùn wà lára wọn, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá ní gbogbo ìgbà. Omi gọ́tà kọ́ ló yẹ kó bá wọn wọlé, ẹja nìkan ni.

Ẹ̀gbọ́n yín kò sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí kò ṣìnà rí. Nígbà tó ra àpótí tirẹ̀ ní London níbí, ó gbọ́ pé ẹja kan tó ti Nàìjíríà wá wà lọ́jà, ó sì ra takọtabo láìbéèrè ohunkóhun. Kribensis ni wọ́n ń pè é. Inú odò gúúsù Nàìjíríà ló ti wá. George Boulenger, onímọ̀ ẹja ní British Museum, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1901, ọdún kan náà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Ìdó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Ìbàdàn. Ta ni wọ́n bí sí Ìdó tí yóò rí ọmọ ìlú rẹ̀ nínú òtútù, tí kò ní mú un lọ sílé?

Oṣù 2 kọjá láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ kan ni ikùn abo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó pọ́n bí ètè ẹni tó mu zobo. Ó ń tẹ ara rẹ̀ bí ọrun níwájú akọ, ó ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ti wọ abẹ́ èèpo àgbọn tí ẹ̀gbọ́n yín dojú rẹ̀ dé sórí yanrìn. Abo lẹ ẹyin mọ́ òrùlé èèpo náà, ó ń fi lẹ́bẹ́ fẹ́ omi sí wọn. Akọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mégàádì. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹja mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé ìsàlẹ̀ kò ti lálàáfíà mọ́. Wọ́n kó ara wọn jọ sí igun kan lókè, ìrù wọn ya bí àkísà, 3 nínú wọn sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹja náà jáde, wọ́n tò tẹ̀lé ìyá wọn lórí yanrìn bí eruku tó ń rìn. Ohun tó dára láti wò ni. Ṣùgbọ́n àwọn 3 yẹn ti kú, àìbéèrè ló sì pa wọ́n.

Bí ọmọ náà bá fẹ́ kribensis lọ́jọ́ iwájú, àpótí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80 ni kí ẹ kọ́kọ́ rà fún un. Takọtabo kan ṣoṣo ló tó. Kí ẹja mìíràn má sì gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú wọn. Guppy tó ń gbé òkè lè bá wọn gbé, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń jẹ ọmọ guppy, iye wọn kò ní pọ̀ jù.

Ó ku ẹja wúrà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́ ọ sin ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, omi tútù ló sì fẹ́. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹja ọ̀sẹ̀ méjì ni. Tish, ẹja wúrà kan tó gbé ní Yorkshire níbí, lo ọdún 43 kó tó kú ní 1999. Ẹja wúrà máa ń gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, ó ń jẹun púpọ̀, ó sì ń yàgbẹ́ púpọ̀. Ooru Ìdó kò bá a lára mu. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù. Méjì tó wà nílé yẹn kò gbọ́dọ̀ di mẹ́ta. Kí ẹ wá ike ńlá fún wọn níbi tí òòrùn kì í dé, kí wọ́n máa dá gbé.

Ọ̀rọ̀ omi ló máa ń pa ẹja ju ọ̀rọ̀ ìjà lọ. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, májèlé ni, ojú kò sì lè rí i. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń sọ ọ́ di nítíráìtì, èyí náà ṣì ń pa ẹja, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ ọ́ di nítíréètì tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Inú asẹ́ omi ni wọ́n ń gbé, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú àpótí tuntun. Ẹni tó bá da ẹja 15 sínú omi ọjọ́ kan, ó ti da wọ́n sínú ìgbẹ́ ara wọn. Kí ọmọ náà máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀, kí ó má ṣe da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan. Inú omi àpótí tó bù jáde ni kí ó ti fọ fóòmù asẹ́, torí kọlórínì omi ẹ̀rọ yóò pa àwọn kòkòrò náà. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láìdé e fún ọjọ́ kan kí ó tó wọ àpótí. Omi kànga àdúgbò wa sún mọ́ ọ̀sà. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́nu, bí iyọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ má lò ó.

Ẹ̀gbọ́n yín ń sanwó iná lóṣooṣù kí omi àpótí rẹ̀ lè gbóná tó 25°C. Ní Ìdó, Ọlọ́run ti fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Iná tó ń lọ ni ìṣòro tiyín, torí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi á dúró. Èyí tó ń lo bátìrì wà, owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí kò bá sí, kí ọmọ náà fi ife bu omi láti inú àpótí, kí ó máa dà á padà láti òkè fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ tún gbé àpótí yẹn kúrò lórí tábìlì oníke. Líta omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Líta 60 ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ, kí ẹ tó tilẹ̀ wọn gíláàsì àti yanrìn.

Lórí oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún àwọn ẹja náà ní búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2 ni kí ọmọ náà fún wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ láìfún wọn ní nǹkan kan. Ebi ọjọ́ kan kì í pa ẹja. Bí ẹja ìsàlẹ̀ bá wà, oúnjẹ tó ń rì ni tiwọn, kí ó jù ú sí i nígbà tí iná pálọ̀ bá ti kú, kí àwọn ti òkè má baà gbà á. Ewé tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n bọ̀ fẹ́rẹ́ láìsí iyọ̀ dára fún ẹja wúrà. Tanwíjí inú agbada omi òjò kò ní àfiwé fún guppy, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán ni, torí èyí tó bá ṣẹ́kù yóò hu ìyẹ́, yóò sì wá yín lọ sínú yàrá lóru.

Ẹnìkan ń bọ̀ wálé ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín yóò fi ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì kan àti àwọ̀n kékeré rán an. Títí di ìgbà náà, kí ọmọ náà mú ìwé kan, kí ó ya ẹnu ẹja kọ̀ọ̀kan tó kù sínú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ó kọ ibi tó ti rí i tó ń jẹun sábẹ́ rẹ̀, kí ó sì ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí Peckham lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín kí Màmá o.

Ẹ̀gbọ́n yín ní London