Mo Gba A Nínú Ìdánwò, Ẹja Mi Kú

Ẹ má bínú pé ẹ kò gbúròó mi láti sáà tó kọjá. Ẹja ló gbà mí lákòókò.

Ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kà, ọdún kẹta ni mo wà. Ní sáà tó kọjá, wọ́n ní kí á ṣàlàyé bí nitrogen ṣe ń yípo nínú ilẹ̀ àti nínú omi. Mo kọ ọ́ kún ojú ìwé mẹ́ta, mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ọfà tọ́ka síbi tó yẹ. A ni mo gbà. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí ohun tí mo kọ gba A yìí gan-an fi pa ẹja mẹ́wàá mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé nínú lọ́ọ̀jì wa n'Íbàdàn ń lọ sìnrú ìlú, ó sì ń ta ẹrù rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń ná fáànù àti sítóòfù gáàsì. Táǹkì ẹja rẹ̀, gíláàsì tó ń gba 60 lítà omi, ni èmi lọ dì mọ́. Mo ní ìdí tèmi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Táǹkì ẹja kan wà níbi tí àwọn èèyàn ti ń jókòó de dókítà. Bí abẹ́rẹ́ bá ti mú mi sunkún, màámi á gbé mi lọ síwájú rẹ̀, a ó jọ máa ka ẹja títí tí ẹkún á fi dá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé lọ́jọ́ kan, èmi náà á ní tèmi.

Orí tábìlì ìkàwé mi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé e sí. Alábàágbé mi ló dá mi lẹ́kun. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, lítà omi kan, kílò kan ni. Ṣé tábìlì tó ń mì bí o bá gbé ìwé lé e ni yóò gbé kílò 60?" Òótọ́ ló sọ. A to búlọ́ọ̀kù, a tẹ́ pákó lé e, a sì gbé e jìnnà sí fèrèsé kí oòrùn má baà sọ omi di àwọ̀ ewé. Mo fọ òkúta wẹ́wẹ́, mo da omi kànga sí i, mo tan pọ́ńpù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú fóòmù asẹ́. Omi náà mọ́ lóló.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra guppy mẹ́fà àti neon tetra mẹ́rin. Ẹni tó ń tà á bi mí pé, "Ṣé omi ti wà nílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àná ni mo pọn ọ́n. Ó kó wọn sínú ọ̀rá fún mi, mo sì ń yọ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dẹ́kun eré. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kó ara wọn jọ sí ojú omi, wọ́n ń yanu bí ẹni tó sáré gun òkè. Mo rò pé ebi ni, mo fi oúnjẹ kún oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo fi àwọ̀n kó èyí tó gbẹ̀yìn. Alábàágbé mi, tó ti ń bi mí láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé ìgbà wo la máa dín wọn, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Òru yẹn ni mo ṣí ìwé tí mo fi kàwé ìdánwò. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé mi. Bí ẹja bá ti ń jẹun tó sì ń mí, ara rẹ̀ ń tú ammonia sínú omi. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù tó jẹrà náà ń di ammonia. Májèlé ni, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sì máa ń jẹ́ kí oró rẹ̀ pọ̀ sí i. Nínú odò, omi ń ṣàn, bakitéríà sì wà lórí gbogbo òkúta. Nínú táǹkì tuntun, kò sí nǹkan kan. Irú bakitéríà àkọ́kọ́, bíi Nitrosomonas, ló ń sọ ammonia di nitrite, májèlé mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé atẹ́gùn. Irú kejì, bíi Nitrospira, ló ń sọ nitrite di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí a sì lè fi omi tuntun dín kù. Ara òkúta àti inú fóòmù asẹ́ ni àwọn méjèèjì ń gbé, wọn kì í sì í tètè pọ̀. Kòkòrò mìíràn lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Tiwọn lè tó ọjọ́ kan.

Omi mi mọ́ lóló nítorí pé kò tíì sí ohun alààyè kankan tó lè ran ẹja lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo ti mọ èyí lórí ìwé. N kò mọ̀ ọ́n nínú yàrá mi.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀, láì sí ẹja. Ojoojúmọ́ ni mò ń bu oúnjẹ ẹja ní bíńtín sínú táǹkì òfìfo kó lè jẹrà, kí àwọn bakitéríà lè rí nǹkan jẹ. Mo fi owó dátà oṣù kan ra èròjà tí wọ́n fi ń yẹ omi wò. Alábàágbé mi ń sọ fún gbogbo àlejò pé, "Ẹ wá wo ẹni tó ń fún omi lóúnjẹ." Ammonia lọ sókè, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nitrite gba ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejìdínlógójì, àwọn méjèèjì di òdo, nitrate nìkan ló kù. Mo jó.

Guppy mẹ́rin péré ni mo rà. Oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ni mò ń fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo ń yọ ìdá mẹ́rin omi, mo sì ń fi òmíràn rọ́pò. Bí fóòmù bá dọ̀tí, inú omi tí mo yọ yẹn ni mo ti ń fún un. Bí ẹ bá fi omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì fọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọjọ́ méjìdínlógójì lè bá omi lọ. Ní ti ooru, láàárín 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń fẹ́. Àyàfi àsìkò ọyẹ́, oòrùn Ìbàdàn ti bá wa ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Òṣogbo fún ìgbéyàwó àǹtí mi. Ọjọ́ yẹn ni tíráńsífọ́mà àdúgbò jó. Ní aago mọ́kànlá alẹ́, alábàágbé mi pè mí: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ẹja rẹ tún ti ń yanu lókè o." Pọ́ńpù ti kú, kò sí ohun tó ń da ojú omi rú kí atẹ́gùn lè wọlé. Mo ní kó má fún wọn lóúnjẹ, kó máa fi ife bu omi inú táǹkì, kó máa dà á padà láti òkè. Mo rò pé yóò ṣe é lẹ́ẹ̀méjì kó sì sùn, nítorí ó ní tẹ́ẹ̀sì ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

Nígbà tí mo dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, iná ti dé. Ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wẹ̀. Alábàágbé mi ń hanrun, ife ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Mo wo fóònù rẹ̀: ó ṣètò álààmù sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí di aago méje.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun náà ló kọ́kọ́ rí àwọn ọmọ guppy tí wọn kò tóbi ju ìpéǹpéjú lọ. Ó ka mọ́kànlá. Mo ka mẹ́sàn-án. A tún jọ kà á.

Bí owó bá dé, kribensis méjì ló kàn. Odò gúúsù Nàìjíríà tiwa níhìn-ín ni ẹja náà ti wá, àwọn ará Yúróòpù sì ti ń sìn ín tipẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìkánjú. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kó wá bá mi nínú lọ́ọ̀jì. N ó fún un ní ègé fóòmù kan láti inú asẹ́ mi, kí omi tirẹ̀ lè tètè jí.