Igi ò ṣe oògùn torí tiwa

1.
Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí igi kankan tó ń ṣe oògùn torí ọmọ aráyé? Torí ara ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Tí èyí bá yé yín, ojú tí ẹ fi ń wo agbo á yàtọ̀.

2.
Igi ò lẹ́sẹ̀. Tí ewúrẹ́ bá ń bọ̀, kò lè sá. Tí kòkòrò bá bà lé e, kò lọ́wọ́ tó máa fi gbá a. Kẹ́míkà ló fi ń jà: èyí tó korò, èyí tó ń ta, èyí tó ń pa kòkòrò. Ìkorò ewúro tí ẹ ń fọ̀ kúrò kí ẹ tó sè é, ohun ìjà ni ẹ ń dà nù yẹn.

3.
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Ṣáínà. Ewéko kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ qinghao, Artemisia annua. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọn ti ń fi wo ibà. Ní 1972, Tu Youyou àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yọ artemisinin jáde látinú ẹ̀. Ní 2015, obìnrin yìí gba ẹ̀bùn Nobel. Látara artemisinin yìí ni wọ́n ti ń ṣe oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísìtì. 2005 ni ìjọba Nàìjíríà fi irú oògùn yẹn rọ́pò chloroquine.

4.
Ibo ni ewéko yìí ń kó o sí? Àwọn irun tín-tìn-tín kan wà lójú ewé ẹ̀ tí orí wọn dà bí àpò. Inú àpò yẹn ló ń tì í mọ́. Kí ló dé? Torí ó lè ṣe sẹ́ẹ̀lì ewéko náà fúnra ẹ̀ léṣe. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ṣe é gan-an ń ṣọ́ra fún un.

5.
Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà wálé. Asofẹ́yẹjẹ. Orúkọ ẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ni Rauvolfia vomitoria. Yorùbá ní ó ń so fún ẹyẹ jẹ. Orúkọ Látìnì yẹn ní ó ń mú èèyàn bì. Òótọ́ ni méjèèjì! Ẹyẹ á jẹ èso ẹ̀, á gbé kóró lọ síbòmíì, igi á pọ̀ sí i. Àmọ́ èèpo gbòǹgbò ẹ̀, ibẹ̀ ni ohun ìjà wà. Èso fún ọ̀rẹ́, ìkorò fún ọ̀tá.

6.
Sábó tí mò ń gbé yìí, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábá ò jìnnà sí wa. Ó ti wà láti 1907. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo "Yaba Left," ẹ gbọ́: asofẹ́yẹjẹ wà lára ohun tí àwọn bàbá wa fi ń tọ́jú ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Siwítsálàǹdì yọ reserpine látinú mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tó wà ní Íńdíà. Wọ́n lò ó fún àìsàn ọpọlọ, wọ́n lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Reserpine kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa.

7.
Báwo ni igi ṣe ń ṣe é? Ó máa mú tryptophan, irú èyí tó wà nínú ẹ̀wà tí à ń jẹ. Ó máa kọ́kọ́ sọ ọ́ di tryptamine, á wá so ìyẹn mọ́ secologanin, tó fi ṣúgà inú ara ẹ̀ ṣe. Ohun tó máa jáde ń jẹ́ strictosidine. Ẹ wò ó bí ìyẹ̀fun: ìyẹ̀fun kan náà lè di búrẹ́dì, ó lè di pọfupọ́ọ̀fù, ó lè di ṣinṣíìnì. Ọwọ́ tó bá ṣe é ló kù. Nínú igi, ẹ́ńsáìmù ni ọwọ́ yẹn. Àwọn kan á sọ ọ́ di reserpine, àwọn míì á sọ ọ́ di ajmaline.

8.
Iṣẹ́ yìí ń ná igi lóhun tó pọ̀, kì í ṣe iye kan náà nígbà gbogbo. Ọjọ́ orí igi, ilẹ̀, òjò àti ọ̀dá, gbogbo ẹ̀ ló ń yí i padà. Igi méjì tó dúró ti ara wọn lè má dọ́gba.

9.
Ibi tó ti kàn mí nìyí. Mọ́mì mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́jọ́ kan, mo rí tábúlẹ́ẹ̀tì wọn lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, odindi, wọn ò fọwọ́ kàn án. Agbo ni wọ́n ń mu. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ewé náà ni òyìnbó lọ̀ tó di tábúlẹ́ẹ̀tì?"
Báyókẹ́mísìrì ni mo kà kí n tó máa ṣe fídíò jẹun, mi ò lè purọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jóòótọ́.

10.
Ìdajì tó kù ló lè pààyàn. Iye reserpine tí dókítà máa ń fúnni lójúmọ́ kì í sábà ju 0.25 miligíráàmù lọ. Ẹ pín gíráàmù 1 sí ọ̀nà 4,000, ẹ mú ẹyọ kan. Ta ló ń wọn ìyẹn sínú ife agbo? Reserpine kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, ọtí ló ń fà á jáde jù, torí náà agbo olómi àti olọ́tí ò lè rí bákan náà. Ajmaline tún wà níbẹ̀, lílù ọkàn nìyẹn ń bá jà. Tó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí èèyàn á dákú, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè dé. Tó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ru lọ láìsí ẹni tó mọ̀.

11.
Mi ò bú agbo o. Mo ní ká jọ lọ bá ìyá alágbo. Wọ́n ka ewé àti egbò márùn-ún fún wa, wọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Ìkẹrin ni asofẹ́yẹjẹ. Wọ́n wá kọjú sí mọ́mì mi: "Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ̀ ń lo oògùn dókítà. Ǹ bá má fi síbẹ̀."

12.
A lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ṣì ga. A kọ orúkọ márààrún sínú ìwé, a gbé e fún dókítà. Mọ́mì ti padà sídìí tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fi agbo yẹn sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń bá mi jiyàn ṣá, ìyẹn ò burú.

13.
Ẹ jọ̀ọ́, lónìí yìí, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè: agbo wo ni wọ́n ń mu? Ewé ni àbí egbò? Omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ àbí ọtí? Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, ẹ gbé e fún dókítà tàbí ẹni tó ń ta oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má da tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀jẹ̀ ríru nù torí agbo, kó má sì pa wọ́n pọ̀ láìbéèrè.
Igi mọ ìdí tó fi ṣe tiẹ̀. Àwa ló kù ká mọ ohun tí à ń mu. Ẹ bá mi gbé e dé WhatsApp àwọn mọ́mì.