Ilé Odi Etí Òkun ní Cape Coast

Àwa tí à ń lọ tí à ń bọ̀ láàrin àwọn ilé iṣẹ́ Ikeja àti Agege kì í sábà rántí òkun. Nítorí náà ni àwa díẹ̀ nínú ìjọ ṣe wọ ọkọ̀ ní Maryland ní ìdájí ọjọ́ kan, tí à ń kọrin lọ, tí a gba Sẹ̀mẹ̀, tí a la ilẹ̀ Benin àti Tógò já, tí a sì dé Cape Coast ní ilẹ̀ Gánà ní ọjọ́ kejì. Ti àwọn aṣọ́bodè kò ṣeé ròyìn tán. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀.

Etí omi gan-an ni ilé odi náà wà, ó funfun, àwọn àgbá sì tò lórí rẹ̀, wọ́n kọjú sí òkun. Àwọn ará Sweden ni wọ́n kọ́kọ́ mọ odi síbẹ̀ ní 1653. Ní 1664 Gẹ̀ẹ́sì gbà á. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí, a sì rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin sí de ọkọ̀ ẹrú, ni ó bà wá lọ́kàn jẹ́ jùlọ. Fèrèsé tóóró kan lókè ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nígbà tí a gòkè padà, afinimọ̀nà fi ibi tí àwọn òyìnbó ti ń jọ́sìn hàn wá: òkè ihò náà gan-an ni.

Nínú àgbàlá ni ibojì Philip Quaque wà. Ọmọ Cape Coast ni; wọ́n rán an lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1754, nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ní 1765 ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ àlùfáà. Láti 1766 títí ó fi kú ní 1816, ilé odi yìí ni ó ti ń wàásù, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ ní ìwé. Ọdún 1807 ni Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin de òwò ẹrú. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ó ti gbàgbé èdè Fante, ògbufọ̀ ni ó fi ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. A rántí Àjàyí Crowther, tí a tà sínú ọkọ̀ ẹrú ní Èkó ní 1822, tí ó sì wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown ní 1844. Síbẹ̀ a kò rójú dá Quaque lẹ́jọ́.

Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ẹrú jáde kọjú sí òkun. Ní 1998 a gbé egungun ẹrú méjì, ọ̀kan láti Jàmáíkà, èkejì láti Amẹ́ríkà, gba ibẹ̀ wọlé padà. Níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan láàrin wa ti bi afinimọ̀nà léèrè bóyá àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ máa ń gbọ́ orin ìsìn.

Ó ní, “Ìyá, báwo ni wọn kò ṣe ní gbọ́?”

Títí a fi dé Tógò padà, ẹnikẹ́ni kò dá orin nínú ọkọ̀ wa.