Àtẹ̀jáde Àkọ́kọ́ Nínú Àpótí Olùkọ́

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń rà lórí àtẹ lónìí kọ́ ni ìwé tí Ilé Ìtàwé C.M.S. gbé jáde ní Èkó ní ọdún 1938. Ìtàn kan náà ni, ọdẹ kan náà ni ó gbé ìbọn kọ́ èjìká wọ igbó, ṣùgbọ́n ìwé ọ̀tọ̀ ni. Ní ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Nelson tún un tẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó sì ti ń pààrọ̀ aṣọ. Kì í rẹ olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì sí Ìkirè láti ṣe àlàyé yìí fún àlejò tí ó bá bá a nídìí àpótí pánù rẹ̀. Mẹ́ta ni àpótí náà. Orí búlọ́ọ̀kù ni ó gbé wọn kà kí ikán má baà rí ọ̀nà gbà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ẹtù àti sányán ni bàbá kó pamọ́.

Ìwé ni, kì í sì í ṣe oríṣiríṣi ìwé. Ìtàn igbó, ìtàn iwin, ìtàn abàmì ẹ̀dá tí ń mú kí irun orí dìde ni ó ń kó jọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ó ń wá Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ti ọdún 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ti 1954, Àdììtú Olódùmarè ti 1961, èyí tí ó jáde ní ọdún méjì péré kí Fágúnwà tó kú. Ó ń wá Ibú Olókun tí Ògúndélé kọ ní 1956. Ti Tutùọlá pàápàá, tí Faber gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, kò yọ ọ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Kò tí ì rí gbogbo wọn. Bí ènìyàn bá mú àtúntẹ̀ wá fún un, yóò dúpẹ́ tọkàntọkàn, yóò sì fi ta ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ni ènìyàn ń kà, kì í ṣe bébà. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n kò kún tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò sílẹ̀, tí a kọ́ ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, yóò ṣí ìwé àtijọ́, yóò bá ‘aiye’ níbi tí òun ń kọ ‘ayé’, yóò bá ‘enia’ àti ‘nwọn’, yóò sì rò pé òǹkọ̀wé kò mọ̀wé. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá fi ìwé méjèèjì lé e lọ́wọ́ pọ̀, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé èdè kan náà ni ó ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí àlàyé ẹnu tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Irú àwọn olùwá báyìí pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìtàn adẹ́rùbani ti ní ìran tirẹ̀. Ní òpin ọdún 1764 ni Horace Walpole gbé ìtàn ààfin Otranto jáde, 500 ẹ̀dà péré. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i; ó ní wọ́n túmọ̀ rẹ̀ láti inú ìwé Ítálì àtijọ́ kan ni. Nígbà tí ọjà tà, tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1765, ó jẹ́wọ́. Nítorí náà ẹni tí kò bá rí ti àkọ́kọ́ kò rí irọ́ náà ní ipò tí ó ti wúlò. Ní 1796, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lewis kọ ìtàn ẹlẹ́sìn kan tí ó ta ẹ̀mí rẹ̀ fún èṣù. Ariwo pọ̀, ó sì gé ibi tí ó le jù kúrò nínú àtẹ̀jáde ti 1798. Kí ni ẹni tí ó ka èyí tí wọ́n gé wá kà?

Ṣùgbọ́n ti Michael Sadleir ni olùkọ́ Ìkirè fẹ́ràn jù. Jane Austen, nínú ìwé rẹ̀ kan tí ó jáde ní òpin 1817, jẹ́ kí ọmọbìnrin kan ka orúkọ ìwé adẹ́rùbani méje fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn òǹkàwé rò pé ó kàn fẹnu dá àwọn orúkọ náà ni. Sadleir jáde, ó ń wá wọn kiri, ó sì kọ̀wé lé wọn lórí ní 1927: òótọ́ ni ìwé méjèèje. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ wà ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà báyìí. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ péré ti tó láti sọ ìwé tí ènìyàn kà di àròsọ.

Tiwa ńkọ́? Ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930 kì í ṣe ìtàn iwin, ṣùgbọ́n ọgbọ́n Walpole ni òun náà dá: ó kọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin kan ni ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, àwọn mìíràn sì gbà á gbọ́. Ó di ìwé ní 1930. Títí Karin Barber fi tún un gbé jáde ní 2012, orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀. Ìwé fúnra rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ìkirè dára fún iṣẹ́ yìí ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, yunifásítì wà lápá méjèèjì, Àpòmù tí ọjà rẹ̀ ti lókìkí kí ogun Òwu tó bẹ́ sílẹ̀ sì wà nítòsí. Síbẹ̀ kì í ṣe ilé ìtàwé ni bàbá ti ń rí nǹkan, bí kò ṣe ilé òkú. Tíṣà àtijọ́ kan yóò kú, àwọn ọmọ yóò pín ilẹ̀, wọn yóò pín àga. Ìwé ni wọ́n máa ń kó fún ẹlẹ́pà àti alákàrà láti fi di ọjà. Ó ní láti débẹ̀ ṣáájú wọn, kò sì gbọ́dọ̀ yọjú kí wọ́n tó sin òkú tán. Iṣẹ́ ojú tì mí ni.

Bébà ìgbà náà kò lágbára. Ó ń pọ́n, ó ń rún bí ewé gbígbẹ, káńfọ̀ kò sì rí nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀dà ti 1938 tí ó ní kò léèpo mọ́, ojú ìwé mẹ́rin sì ti já lẹ́yìn. Ó lè da ti Nelson kọ kí ó fi dí àlàfo náà. Kò ṣe é. Nígbà gbogbo tí ọmọ kan bá ṣí i, nǹkan díẹ̀ a máa dànù sórí tábìlì. Bí kò bá sì sí ẹni tí ń ṣí i, kí ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún? Ó ń jẹ́ kí wọ́n ṣí i, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ.

Oníṣòwò kan ti fi owó ńlá lọ̀ ọ́, láti kó o lọ sí òkè òkun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí ó tà á. Ó ti kọ lẹ́tà sí ilé ìkàwé yunifásítì kan pé kí wọ́n wá gba àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́tà náà wà nínú àpótí kejì. Ó ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò tí ì kọ ọjọ́ sí i.